Bí Kò-Sí-Ìkánjú Ṣe Bọ́ Táyà Sílẹ̀

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sọ ọ́. Ẹni tí kò bá rí àga, kó fa táyà kan sábẹ́ ara rẹ̀, kó má kàn jókòó lé èyí tí adìẹ yé sí nínú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu o. Ó rẹ̀ mí. Orúnkún mi méjèèjì ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ọ̀rọ̀ tí mo bá sì fò lónìí, n kò lè padà lọ gbé e lọ́la. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ ńlá bí èyí fi dúró sí abẹ́ igi ọ̀mọ̀ nínú igbó láìní ẹsẹ̀, tí ìtàkùn gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé tó sì gba ẹ̀yìn jáde. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ fojú fò ó, ọdẹ ni mí.

Èmi ni Ọdẹ́yínká. Bàbá bàbá mi pa erin, bàbá mi pa ẹfọ̀n, èmi náà pa ohun tí àwọn méjèèjì ṣẹ́kù. Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọ̀bọ á ti máa ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn tó mọ̀ mí nígbà náà ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹran kọ́ ni mo gbé wá. Wọ́n la ọ̀nà ńlá kan, ọ̀nà náà gba orí ilé wa kọjá. Àwọn agégẹdú sì gé igbó tí mo ń dẹ títí ó fi ku koríko nìkan. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni bọ̀lẹ̀kájà àtijọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi tó dolóògbé fi ń kó pákó nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n kọ "Kò Sí Ìkánjú" sí iwájú rẹ̀, orúkọ tí à ń pè é náà nìyẹn. Mo kan bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, mo de àgbá omi mọ́ orí rẹ̀, mo gbé pátákó sólà kan lé e kó máa gba iná lára oòrùn fún wa, èmi àti ìyàwó mi Àwẹ̀ró sì kó wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà a kò ní ìlú mọ́. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí ni ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òrùlé, ẹ rò pé ibi tí ènìyàn lè sùn lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ nínú ayé. Ẹ lọ wá a wò. Ẹ̀yìn ọjà ni o, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjà á lé yín. Etí odò ni o, ẹni tó ń kó yanrìn á ní bàbá òun ló ni odò. A sùn sí iwájú ilé-ìwé kan nígbà ìsinmi, a rò pé a ti bọ́ sí i, àfi bí àwọn ọmọ ṣe wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n tò sí iwájú ọkọ̀ wa tí wọ́n ń kọrin, nígbà tí Àwẹ̀ró ń bọ̀ láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ ti ká wá ibùdó, n kò tíì rí ẹni tó tó mi. Mo lè fi imú mọ ibi tí omi wà. Mo lè wo ìdí igi kí n sọ fún yín bóyá àgbàrá máa ń gba ibẹ̀. N kì í sùn sábẹ́ igi tó ní ẹ̀ka gbígbẹ, n kì í sì í gbé ọkọ̀ wọ ilẹ̀ tí n kò bá fi ọ̀pá gún wò.

Ohun kan wá wà tí mo ń bọ̀wọ̀ fún ju gbogbo ìyẹn lọ, ààlè ni. Ẹ̀yin ọmọ ìlú ńlá lè máà mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá rí ohun rere nínú igbó, igi eléso ni o, igi ìdáná ni o, ilẹ̀ ni o, tí àyè kò tíì sí láti fi ṣe nǹkan, á so àkísà tàbí mọ̀rìwò mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń kọjá á mọ̀ pé ó ti ní ẹni tó ni ín. Ní agbo ilé tiwa, a kì í tẹjú mọ́ ààlè, ìwà àìmọ̀kan ni. Ọdẹ á rí i, á tẹrí ba, á yí padà. Ẹni tó sì so ó kò gbọdọ̀ kéde rẹ̀ fúnra rẹ̀ àfi tí wọ́n bá bi í léèrè. Bó bá kéde rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í, ààlè ti bàjẹ́, ilẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Àwẹ̀ró bá àṣà yìí nínú ilé wa nígbà tí mo gbé e níyàwó, ó sì dì í mú ju àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, olóko kan ló fi pẹlẹbẹ àdá lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa, ó ní ká gbé ilé jákujàku wa kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ òun. N kò bá a jà. Mo ti kọjá ẹni tó ń bá olóko jà. Àwẹ̀ró da omi sí ààrò, ó fi àkísà tútù gbé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú páànù. Láti ilé wa tí wọ́n wó ló ti gbé àwọn òkúta náà, kò sì síbi tí a dé tí kò gbé wọn dé. Ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá jókòó.

"Bàbá Wúràọlá," ó ní, "mo ti gbé àwọn òkúta yìí sókè sódò títí ọwọ́ mi fi bó. Ibi tí a bá tún dúró sí, bí wọ́n bá tún lé wa níbẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa lọ. Èmi á wọkọ̀ lọ bá àbúrò mi."

"Àwẹ̀ró, ṣé ò ń bínú ni?"

"N kò bínú. Ó rẹ̀ mí ni. Bó bá jẹ́ pé mo ń bínú, ẹ̀ bá bẹ̀ mí."

Ẹ̀yin tí ẹ ní aya, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tó ń bínú, mo ti ṣe é títí. Ẹni tó rẹ̀, kí ni kí n fi bẹ̀ ẹ́? Mo jókòó sídìí sítíárìn, mo ní ọ̀nà ibo ni ká gbà. Ó ní ká gba Igbó Ìdákẹ́rọ́. Ọdún pọ̀ tó ti máa ń ní ká gba ibẹ̀, n kò sì bi í nídìí rí. Ọ̀nà náà kò ní kòtò púpọ̀, èmi ní ìdí nìyẹn. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní ọ̀sán, ó ní kí n páàkì sí etí títì. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ní bí mo bá rí ibi gidi, ibi tí wọn ò ti ní lé wa, kí n wá pe òun. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun bá ti dé kí n tó dé, òun ò ní jẹ́ kó kọjá. Mo gbé ọ̀pá mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ igbó lọ wá ilé fún obìnrin tó ti di ẹrù.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi yọ sí gbangba kan. Ẹ gbọ́, èmi tí mo ti rí ibùdó káàkiri, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, koríko rẹ̀ kúrú, kò sí ilé ìkán, kò sí igi tó lè wó luni. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, á fẹ́, á dúró, á tún fẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo pe Àwẹ̀ró láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣe mi ni ìṣe mi. Mo gbé ọ̀pá sókè, mo gún ilẹ̀.

"Yéè!" ni ilẹ̀ ké.

Mo fò sókè. "Ta nìyẹn?"

"O gún mi lẹ́yìn tán, o tún ń bi mí pé ta nìyẹn?" Ojú kan là sílẹ̀ láàárín koríko, ó fẹ̀ tó ọpọ́n tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, ó ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn tí mo ń gbádùn láti ẹ̀ẹ̀kan, mímí rẹ̀ ni.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ilẹ̀. Mò ń wá ibi tí èmi àti ìyàwó mi lè sùn lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ ni mí," ó ní. "N kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá, ẹ sùn."

"Títí dìgbà wo?"

"Ẹni tó bá sùn lé mi, kí ló tún fẹ́ jí lọ ṣe?"

Ìgbà náà ni mo wo òkè díẹ̀. Ohun tí mo rò pé òkúta ni, òrùlé ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ti rì títí dé ojú fèrèsé, àgbá omi ṣì wà lórí rẹ̀ bíi tèmi. Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe èmi nìkan ló ń wá ibùsùn ọ̀fẹ́ láyé. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Ilẹ̀ ti rọ̀ mọ́ mi dé kókósẹ̀. Mo dá ọgbọ́n kan. Mo ní, "Ó dára, n ó lọ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn, kí n lè mọ̀ bóyá ẹ lè gbé wa. Ilé tó ṣófo àti ilé tó kún fún ènìyàn tó ti rẹ̀, èwo ló wúwo jù?"

"Èyí tó kún," ó ní.

"Ìyẹn yá jù. Ẹ rò ó dáadáa."

Ó pa ojú dé, ó ń rò ó. Bó ṣe ń rò ó ni ara rẹ̀ dẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ, mo fa tòsì, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàtà mi ẹsẹ̀ òsì wà níbẹ̀ di òní. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi nígbà tí mo wọ inú igbó, ó ń sọ pé, "Dúró ná, mo ti ń sún mọ́ ọn."

Mo fi ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti ẹsẹ̀ kan tí kò wọ̀ rìn lọ. Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ á sọ pé kì í rẹ àwọn. Irọ́ wọn pọ̀. Ó ń rẹ ọdẹ. Láti kùtùkùtù ló ti ń rẹ̀ mí, kì í ṣe ti ìrìn nìkan, ti pé n kò mọ ohun tí mo máa wí bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo. Mo gun òkè kékeré kan, mo sì dé orí àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá kan jókòó síbẹ̀, ó ga tó ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, ó fi ọ̀kan bora, ó jókòó lé èkejì.

"Ẹ kú ìjókòó o, ìyá," ni mo wí.

Ó la ẹnu, ó gbé "ẹ kú ìjókòó" náà mì. Mo rí i bó ṣe gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. "Kò ní iyọ̀ púpọ̀," ó ní. "Ibùdó lò ń wá. Mo gbọ́ ọ láti ìgbà tí o ti ń bá ilẹ̀ jiyàn. Ibí yìí ọ̀fẹ́ ni. Omi wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ wà lẹ́yìn, èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé àlejò mi. Ohun kan péré ni mo fẹ́: ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ìyàwó rẹ bá ń bá ara yín sọ, kó jẹ́ tèmi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Ṣé ó pọ̀ ni? Kí lẹ sọ lánàá?"

Mo ronú. "Mo ní iyọ̀ dà. Ó ní ó wà lẹ́yìn mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn ń kọ́?"

"Mo ní ó dàbí ẹni pé òjò ń bọ̀."

"Kí ló fi dá ọ lóhùn?"

"Kò dáhùn."

Ìyá elétí rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò tó adìẹ jẹ. Kí lo wá ń pàdánù?"

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Òtítọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa, àfi ti iyọ̀ àti ti òjò. Mo ti na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo rántí ohun kan. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Àwẹ̀ró, n kò tíì ti igbó dé rí kó máà sọ pé, "Ẹ ti dé?" Ẹran wà lọ́rùn mi ni o, n kò rí nǹkan kan pa ni o, à ń jà ni o, á sọ ọ́. Nígbà mìíràn kì í wo ẹ̀yìn kó tó sọ ọ́, ìró ẹsẹ̀ mi ni á gbọ́. Mo wá rò ó pé kí n ti igbó dé, kó la ẹnu, kí etí yìí sì gbé e mì. Mo fa ọwọ́ mi padà.

"N kò tà á," mo ní.

"Kí ni o kò tà?"

"'Ẹ ti dé?'"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Òun gan-an ni mo fẹ́ jẹ!" ó kígbe, ó sì na etí rẹ̀ kan sókè láti fi gbá mi mọ́ àpáta. Mo jókòó, mo sì fi ìdí yọ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣòkòtò mi kò jọ ṣòkòtò mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ lọ gbìyànjú irú rẹ̀ ní ọjọ́ orí mi, kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni mo ti rí odò, mo sì tẹ̀ lé e títí mo fi dé ibi tí mo mọ̀. Ilẹ̀ le níbẹ̀, ó ga ju omi lọ díẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ àwọn agégẹdú sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé títì. Igi ọ̀mọ̀ kan wà láàárín tó fi ẹ̀ka bo gbogbo rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ọ̀nà bá gbé wa gba Igbó Ìdákẹ́rọ́ ni mo máa ń débẹ̀, ohun kan náà ló sì máa ń dá mi padà. Ààlè wà lára igi. Mo rí i lọ́jọ́ náà, àkísà kan tí òjò ti fọ̀ tí oòrùn ti sá, n kò tẹjú mọ́ ọn. Mo tẹrí ba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya, mo sì pariwo sínú igbó, "Ta ló tiẹ̀ ni ibí yìí ná?"

"O pẹ́ kí o tó béèrè," ni ohùn kan wí lẹ́yìn igi.

Ẹni tó dúró síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè pè é. Ewédò ti bò ó dé àyà, ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sí abíyá rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọlé bíi gbòǹgbò. Mo bi í bóyá ẹ̀mí ni tàbí igi. Ó ní òun jẹ́ nǹkan kan nígbà tí òun kọ́kọ́ dúró, òun ti gbàgbé. Ó ní ẹnì kan ló so ààlè náà, tó ní kí òun máa ṣọ́ ọ títí ẹni tó ń kọjá yóò fi béèrè olóhun. Òun rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sán kan ni.

"Ó rẹ̀ mí," ni mo wí.

"Ó rẹ̀ ọ́? Ìwọ tí o jókòó?"

"Láti ọdún pípẹ́ wá ni mo ti ń rìn."

"Láti ọdún pípẹ́ wá lèmi náà ti ń dúró. Wá ká ṣe pààrọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárúkọ olóhun fún mi, kí n lè lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní òun ò gbọdọ̀ dárúkọ, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ti béèrè, òun lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó ní, "Ó ní ilé, kò ní ilẹ̀. Ó ní ààrò, ààrò rẹ̀ ń rìn kiri. Aṣọ rẹ̀ ya létí, ìṣó kọ́ ló ya á. Ó ní ọkọ, ọkọ rẹ̀ mọ gbogbo ilẹ̀ wò àfi èyí tó wà níwájú rẹ̀."

"Ìgbín ni," mo ní.

"Ìgbín ń dáná?"

Mo ronú títí. "Ìyàwó darandaran!"

Ó mí kanlẹ̀, ìtẹ́ ẹyẹ abíyá rẹ̀ mì. "O ti ń sún mọ́ ilé, o tún yà bàrá. Ọkùnrin kan máa ń wá síbí. Á rí ààlè, á tẹrí ba, á yí padà. Ó ti ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí mo mọ àtàrí rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Àtàrí náà ti ń pá."

"Ọkùnrin náà ní ẹ̀kọ́," mo ní.

"Ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù fún un."

Mo fẹ́ bi í lóhun tó ń sọ, ni mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti wọ igbó. Mo dìde, mo sáré gba ọ̀nà àwọn agégẹdú. Ẹsẹ̀ kan ní bàtà, ẹsẹ̀ kan kò ní, ìbọn ń gbá mi lẹ́yìn. Nígbà tí mo yọ sí títì, Àwẹ̀ró ṣì jókòó lé ẹrù rẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ máa gbà yọ. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Kò sọ pé, "Ẹ ti dé?" Ẹ̀yin ará mi, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì lọ́sàn-án, etí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi pa, kò sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Mo sọ ti ilẹ̀ tó ké, kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ìyá elétí àti ohun tó fẹ́ rà.

"Ẹ rí ibi tí wọn ò ti ní lé wa, ẹ kọ̀ ọ́ nítorí ìyẹn?" ó ní.

"Mo kọ̀ ọ́."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo tún bá tèmi lọ. "Lẹ́yìn náà mo dé ìdí igi ọ̀mọ̀ kan létí odò, ibi tí mo máa ń sọ fún ọ pé ó ti ní ẹni tó ni ín."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Lónìí mo béèrè ẹni tó ni ín."

Àwẹ̀ró dìde. "Ta lẹ bi?"

"Ẹni tó ń ṣọ́ ọ."

"Ẹ bi èmi."

"Kí n bi ọ́ ní kí ni?"

"Bàbá Wúràọlá, ẹ bi èmi." Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti yọ ní kọ́nà, ó ń fun fèrè, eruku ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń wá lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo wò ó lójú, mo rí i pé bí n kò bá béèrè nísinsìnyí, n kò ní rí ẹni bi mọ́.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, ta ló ni ààlè tó wà lára igi ọ̀mọ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa etí ìró rẹ̀ sókè. Kíjìpá aláró yẹn ló máa ń ró fún ìrìn-àjò. Ó ya gbọọrọ létí ibì kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí yíya yẹn, mo rò pé ìṣó ọkọ̀ ló fà á.

"Èmi ni," ó ní.

Ọkọ̀ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, awakọ̀ ń sọ pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ." Àwẹ̀ró ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti há a sórí tipẹ́. "Ọdún tí a kọ́kọ́ gba ibí, ẹ lọ dẹ́gbó, èmi lọ pọnmi. Mo rí ibẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo ya etí ìró mi, mo so ó, mo ní kí ohun yòówù tó ń gbọ́ nínú igbó bá mi ṣọ́ ọ. Mo ní ẹ máa rí i, ẹ máa mọ aṣọ mi, ẹ máa bi mí. Ẹ dé, ẹ bọ́ àpò kọ́, ẹ ní, 'Ibì kan wà, ṣùgbọ́n ó ti ní ẹni tó ni ín, jẹ́ ká máa lọ.' Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ẹ̀ ń sọ fún mi pé ẹ kò fẹ́ dúró ni. Mo ní bóyá tó bá di ọdún mìíràn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní ká gba ọ̀nà ibí, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín."

"Àwẹ̀ró, a kì í tẹjú mọ́ ààlè."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé ti ọdẹ kan ni. Mò ń bọ̀wọ̀ fún un."

"Èmi lẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún," ó ní, "ẹ wá ń wà mí kiri gbogbo ayé." Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀, kò sì yéé dà nígbà tí ẹ̀rín tán. Èmi náà sunkún. Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé ọdẹ kì í sunkún wá bá mi nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn èrò inú ọkọ̀ yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń béèrè ẹni tó kú. Àwẹ̀ró nu ojú, ó sì sọ fún awakọ̀ pé, "Ọmọ mi, o ṣeun. Bá wa gbé ẹrù yìí padà sínú ọkọ̀ wa kí o tó lọ, ẹ̀yìn bàbá yìí kò le." Awakọ̀ ráhùn, ṣùgbọ́n ó gbé e.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí a gbé Kò-Sí-Ìkánjú dé ìdí igi ọ̀mọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ààlè ti lọ. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tó jìn nìkan la bá nílẹ̀, àti ìtẹ́ ẹyẹ tó rọra gbé sórí ẹ̀ka pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀. Àwẹ̀ró lọ tú àkísà náà fúnra rẹ̀. Èmi yí ojú sí odò. Àwọn kan nínú yín máa ní ó yẹ kí n ti tẹjú mọ́ ààlè láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹ máa wí lọ. Di òní olónìí n kò ní tẹjú mọ́ ààlè ẹlòmíràn, ohun tí bàbá mi fi kọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè báyìí. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń béèrè ẹni tó ni ín, bí kò tilẹ̀ sí ẹnì kankan nítòsí.

Ó gbé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú páànù, ó fi wọ́n lélẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọlẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Wúràọlá, ẹ bá mi yọ táyà."

"Lónìí? Ara mi ti kú, Àwẹ̀ró."

"Ẹyọ kan péré. Kí n rí i kí n tó sùn."

Mo gbé jáàkì jáde, mo yọ ọ̀kan. Ìwọ tí ò ń tòògbé lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, òun lo jókòó lé. Mo yí i sábẹ́ igi, mo sì lọ fọ ọwọ́ lódò, mo pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ nítorí omi náà tutù lára ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, Àwẹ̀ró ti dá iná, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, kò wẹ̀yìn.

"Ẹ ti dé?" ó ní.

Mo ní mo ti dé.